Ohùn Clem Nínú Igbó Toolangi

Rosalind Teague ni wọ́n máa ń pè wá darí ìsìnkú tí ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan bá kú ní Toolangi, abúlé kan nínú igbó. Kì í ṣèlérí ọ̀run. Ohun tí olóògbé gbé ilé ayé ṣe ló máa ń sọ, kò sì jẹ́ fi irọ́ tu ẹnikẹ́ni nínú. Òun ló sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú Clem Haddrick, agégẹdú tí igi wó pa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Nerida, ìyàwó Clem, pè é lórí fóònù. "Rosalind, tètè máa bọ̀. Clem ń súfèé pe ajá."

Kùrukùru bo igbó lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí Rosalind dé ilé Nerida. Àwọn méjèèjì ò tíì mu tíì wọn débì kan tí ìfé náà fi dún láàárín igi. Ajá fò dìde, ó ń ju ìrù, ó ń ké. Orí Rosalind wú.

"Ìwọ tó o ní kò sí iwin," ni Nerida wí, "kí nìyẹn?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ n lọ wò ó."

"Tí iwin náà bá ní kó o jókòó, má jókòó o!"

Rosalind tọ ìró náà dé ìdí igi tó wó. Ẹyẹ kan ló rí níbẹ̀, irú èyí tó máa ń sín gbogbo ohun tó bá gbọ́ jẹ, ó na ìrù gígùn bo orí. Ó súfèé. Ó dún bí ẹ̀rọ tí Clem fi ń gégi. Ẹ̀rín pa Rosalind. Àfi bí ẹyẹ náà ṣe tún lanu, tí ohùn ọkùnrin jáde: "Neri... Neri..." pẹ̀lú ìkérora.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Dókítà sọ pé ojú ẹsẹ̀ ni Clem kú. Rosalind náà sì tún un sọ níbi ìsìnkú. Bẹ́ẹ̀ ẹyẹ yìí kì í gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó sì mọ̀ ọ́n; ó ní láti gbọ́ ọ léraléra.

Nígbà tó padà délé, Nerida ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé òun ni?"

"Rárá. Ẹyẹ ni."

"Kí ló tún wí?"

Tó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? "Ó ń pe orúkọ yín," ni Rosalind fèsì, "bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí Clem pẹ́ díẹ̀ kó tó kú."

Nerida bú sẹ́kún. "Ìkà ni ẹ́! Kí ló ní kó o má purọ́ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ bi mí."

Ó sunkún títí, ó nu ojú, ó wọ bàtà òjò. Àwọn méjèèjì wọnú kùrukùru lọ, ajá ṣáájú.

"Neri," ni ohùn náà wí nídìí igi.

"Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni," Nerida sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún Rosalind. Ó wá gbé ohùn sókè: "Clem, mo ti dé."

Ẹyẹ náà yí ojú sí wọn, ó dákẹ́. Rosalind di ọwọ́ Nerida mú.