Alásè Tí Kì Í Jẹun

Lọ́dún náà, Málọmọ́ kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ àfi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, nítorí àwọn nìkan ni kì í parọ́ fún un. Bó bá jí láàárọ̀ tó rí i pé wọ́n wú ju ti àná lọ, ó mọ̀ pé èémí òun yóò kúrú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó ku bí ọdún mẹ́ta kí àwọn Faransé fi ilẹ̀ Dahomey sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ nígbà náà? Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé òjò pẹ́, pé àgbàdo tuntun kò tíì ga dé orúnkún, àti pé ti èṣí ti tán nínú abà.

Rogatien, tí gbogbo ìlú ń pè ní dókítà nítorí pé abẹ́rẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ló sọ pé ọkàn ìyá náà ló ti ń rẹ̀. Ó kọ oògùn oníhóró funfun fún un: ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́, kò sì gbọdọ̀ fò ó. Pobẹ̀ ni wọ́n ti ń ra irú oògùn bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Fábọ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Málọmọ́, ń ru apẹ̀rẹ̀ gààrí lọ síbẹ̀ lórí, tí yóò sì padà pẹ̀lú páálí kékeré kan lápò.

Ọ̀rọ̀ náà ń dun ìyá. Gààrí tó yẹ kí gbogbo ilé jẹ ni òun nìkan ń fi omi gbé mì. Ló bá dá ọgbọ́n kan. Ní ilé baba rẹ̀ ní Ìkpinlẹ̀, ìkòkò àgbo kì í tán. Bí wọ́n bá mu ún dé ìdajì, wọn a bu omi sí i, wọn a tún un sè, ara ẹni tó mu ún lọ́jọ́ kẹwàá a sì yá bíi ti ẹni tó mu ún lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Kí ló dé tí oògùn òyìnbó kò fi ní lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ń lo ti àárọ̀. Ti ìrọ̀lẹ́, ó ń dì í sínú àkísà, ó ń fi í sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ aṣọ rẹ̀, ó sì ń sọ fún wọn pé òun ti gbé e mì. Bó bá ti pọ̀ tó, yóò ní kí Fábọ̀dé má lọ sí Pobẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kan, kí gààrí lè dúró sílé.

Ọjọ́ tó tú àkísà náà wò ni ìbàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ tán. Hóró mọ́kànlá ló yẹ kó bá níbẹ̀, márùn-ún péré ló bá.

Ẹni mẹ́ta ló ń gbé ilé náà: òun, Fábọ̀dé, àti Cécile ìyàwó Fábọ̀dé, ọmọ ìjọ Àgùdà láti Tatonnonkon, tó wọlé lọ́dún kan ṣáájú. Fábọ̀dé kì í wọ yàrá ìyá rẹ̀ bí ìyá kò bá sí níbẹ̀. Cécile ló ń gba yàrá, òun ló ń fọ aṣọ inú apẹ̀rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Málọmọ́ ìbá pariwo olè, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe ké sí ayé pé wọ́n jí oògùn tí òun ti sọ pé òun gbé mì? Ó di àkísà padà, ó pa ẹnu mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọbìnrin náà.

Ẹni tó bá ń ṣọ́ni kò ní ṣàìrí nǹkan. Ó rí i pé Cécile kì í jẹ nínú ohun tó bá sè. Nígbà tó kọ́kọ́ bi í, ó ní ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ni òun ń gbà. Ìyẹn dára, oníkálukú ló mọ bó ṣe ń sin Ọlọ́run rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà ṣe Àjíǹde, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n kọrin wọn tán, síbẹ̀ Cécile kò fọwọ́ kan oúnjẹ nílé. Ó ní òun ti jẹun lóko. Málọmọ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ẹfúnwùmí, aládùúgbò wọn tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà. Ẹfúnwùmí ní láti ìgbà tí àwọn ti ń kọ ebè ọdún yìí, òun kò rí èéfín kan ṣoṣo nínú oko wọn, òun kò sì rí i kí ọmọ náà gbé abọ́ dání.

“Èwo wá ni ti alásè tí kì í jẹun?” ni Ẹfúnwùmí bi í. “Páńsá ò fura, páńsá já síná. Ẹ fura o, Ìyá Fábọ̀dé.”

Ìfura loògùn àgbà. Oògùn yìí ni ẹnikẹ́ni kò sì ní láti ru gààrí lọ ra ní Pobẹ̀, nítorí náà Málọmọ́ ń lò ó láàárọ̀, ó ń lò ó nírọ̀lẹ́, kò fò ó rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó yọ́ dúró lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná. Ó rí Cécile lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọlọ. Nǹkan funfun kékeré kan ló ń lọ̀. Ó fi ìka gbá a jọ, ó dà á sínú igbá ẹ̀kọ mímu, igbá Málọmọ́ gan-an, ó rò ó pọ̀, ó sì wo ọ̀tún wo òsì. Gbogbo rẹ̀ wá tò lọ́kàn Málọmọ́: ọmọ yìí ti jí oògùn tà lọ́jà, ó mọ̀ pé àṣírí yóò tú, ó fẹ́ pa ẹni tí yóò tú u. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Nígbà tí wọ́n gbé igbá náà dé, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún ìyàwó, ó ní Ọlọ́run yóò fún un lọ́mọ. Bí Cécile ti yí ẹ̀yìn padà, ó da ẹ̀kọ náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn yàrá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kùrọ́ ló ń pa jẹ níkọ̀kọ̀. Ó pa oògùn àárọ̀ pàápàá tì, torí ta ló mọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí i? Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń dán. Kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́ kí èémí má há a. Ó wá dá a lójú gbangba pé májèlé ti ń ṣiṣẹ́ lára òun.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ránṣẹ́ pe Ògúnjọbí, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórí agbo ilé, ó sì ní kí Fábọ̀dé má lọ sóko. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí Cécile gbé ẹ̀kọ dé, tó kúnlẹ̀, Málọmọ́ kò na ọwọ́ sí i.

“Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ìyàwó.”

Gbogbo wọn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó gbé ohun mímu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọkàn ẹni tí yóò mu ún lè balẹ̀. Fún àlejò ni wọ́n ń ṣe é. Bí ìyá ọkọ bá ní kí ìyàwó ilé ṣe é níwájú olórí ẹbí, ẹjọ́ ti dé nìyẹn. Fábọ̀dé ní kí ìyá òun jọ̀wọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ògúnjọbí ní kó dákẹ́.

Cécile mi orí. “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, tiyín ni. Mi ò lè fọwọ́ kan án.”

“Ṣé ẹ gbọ́?” ni Málọmọ́ sọ fún Ògúnjọbí, inú rẹ̀ sì dùn, ẹ má jẹ́ kí a purọ́ fúnra wa. Inú ẹni a máa dùn bí ohun búburú tó ti ń rò bá jẹ́ òótọ́.

Ògúnjọbí wo ọmọbìnrin náà. “Mu ún.”

Cécile gbé igbá náà sẹ́nu, ó fi ètè kàn án, ó sì dáwọ́ dúró. Ó tún mu díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ojú. Ó gbé igbá náà sókè, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ ń bọ̀, ẹ̀kọ ń ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀, kò mí, kò sinmi, títí igbá fi gbẹ. Ó fi ìka nu inú rẹ̀, ó lá ìka náà. Ó tún nu ún, ó tún lá a. Ó ti gbàgbé pé àwọn ènìyàn wà níbẹ̀.

Málọmọ́ mọ irú mímu bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí eṣú jẹ oko wọn tán, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe sí omi ẹ̀kọ. Ẹni tó bu májèlé sí ẹ̀kọ kò ní lá igbá. Ojú tì í débi pé ara rẹ̀ gbóná.

Nígbà tí Cécile la ojú, tó rí bí wọ́n ti ń wò ó, ó rọra gbé igbá sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. “Ẹ má bínú, Ìyá. Mo ti mu oògùn yín mọ́ ọn. Mo rí i nínú àkísà pé ẹ kì í lo ti ìrọ̀lẹ́. Dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ fò ó. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, ẹ ò ní gbà, ni mo ṣe ń lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ yín.”

Ògúnjọbí bi í léèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Cécile nu àgbọ̀n rẹ̀. Málọmọ́ yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó bi òun náà. Fábọ̀dé ní ebi kò pa òun. Ìyá rẹ̀ wo eegun ọrùn rẹ̀ tó yọ síta. Odindi oṣù kan ló fi ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ méjèèjì yìí, kò wo ara wọn.

“Igbá ẹ̀kọ kan ló kù tí a lè máa rí pò lójúmọ́,” ni Fábọ̀dé sọ níkẹyìn. “Ẹ̀yin lẹ ń ṣàìsàn, Ìyá.”

Cécile fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní òun yóò lọ ọ̀kan mìíràn lọ́la, kí ìyá má wulẹ̀ dààmú, nítorí ẹni tó ti ń mu ún bọ̀ láti ọjọ́ yìí, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo kò ní bà á jẹ́. Ó ní inú òun a máa dùn bí òun bá wá gbé igbá, tí òun sì bá a pé ó mọ́ tónítóní.

Málọmọ́ lè dákẹ́. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan. Èémí rẹ̀ ń há, ó dúró títí ó fi rí ìwọ̀nba tí yóò fi sọ̀rọ̀.

“Mo dà á nù,” ló wí.

Kò yé wọn.

“Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń dà á sí. Ọjọ́ mẹ́rin.”

Fábọ̀dé rọra jókòó sórí ilẹ̀. Cécile mú igbá náà, ó sì tún wo inú rẹ̀.