Orúkọ Bàbá Àgbà Lókè Pátápátá

Ẹ̀gbọ́n mi Abdulsobur ló ń kọ́ mi bí a ṣe ń kọ prógíráàmù kọ̀ǹpútà nílé. "Mujeebah, má kánjú," ni wọ́n máa ń wí. "Ṣe ìgbésẹ̀ kan, wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́, kó o tó ṣe èkejì."

Bàbá mi ti sọ pé bí n kò bá fi kọ̀ǹpútà mi ṣe nǹkan gidi, àwọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Bàbá àgbà, Àlájì Yẹ̀kínì, ló wá bẹ̀ mí níṣẹ́. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn mọ́jú kí a tó sin ín, àwọn ẹbí wa ní Kuta àti Olúpọ̀nnà sì máa ń pẹ́ gbọ́. Ni mo bá kọ prógíráàmù tí yóò fi ìròyìn òkú ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo wọn. Orúkọ tó bá wà lókè ni ti olóògbé. Àwọn tó kù ni yóò gba àtẹ̀jíṣẹ́.

Mo wá ń tẹ orúkọ ẹbí. Ta ni mo jẹ́ tí n ó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni ṣáájú ti Bàbá àgbà? Mo fi tiwọn sókè pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n kọ́kọ́ fi fóònù tèmi nìkan dán an wò. Mo rò pé ó ti yé mi. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá àgbà ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kadà kan dúró. Àǹtí Ràfíátù, ọmọ wọn tó ń gbé Olúpọ̀nnà, ti ń sunkún bọ̀ láti títì. Wọ́n rí Bàbá àgbà. Ẹkún gé mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ràfíátù, ṣé kò sí láburú?"

"Wọ́n ní... wọ́n ní ẹ ti kú, Bàbá."

Kẹ̀kẹ́ kan tún dé láti Kuta, àwọn géńdé tó wá gbẹ́ sàárè kún inú rẹ̀. Ọ̀kan rí Bàbá àgbà, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá mi ti gbé kọ̀ǹpútà náà àti wáyà iná rẹ̀ mọ́ra. "Ó parí. Ó ti fi pa bàbá mi."

"Gbé e fún un," Bàbá àgbà ní. "Àwọn tó ṣì wà lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹni tó pa mí ni yóò jí mi."

Bàbá mi gbé e sílẹ̀ níwájú mi, ṣùgbọ́n wọ́n di wáyà rẹ̀ mú. Mo yọ ọ̀rọ̀ ikú kúrò, mo kọ ọ́ pé: Àlájì Yẹ̀kínì wà láàyè, ẹ padà sílé. Mo fi ránṣẹ́ sí fóònù tèmi nìkan. Ó dún. Bàbá àgbà gbà á, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà.

"Òótọ́ ni," wọ́n ní. "Fi ránṣẹ́."

Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Bàbá mi wá fi wáyà iná kọ̀ǹpútà náà lé mi lọ́wọ́.