Dókítà Tí Bàbá Rí Nínú Ìran

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún Dúrótìmí, Adéfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò sì lè jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ ní Àpòmù. Ẹ̀rù ń bà á. Oníbàárà rẹ̀ kan, nọ́ọ̀sì ọsibítù ìjọba, ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ibi tí Dókítà Òkè tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ti kàwé ni. Nọ́ọ̀sì náà ní dókítà tòótọ́ a máa ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún, kò sì ní bínú bí wọ́n bá ní kó mú un jáde.

Ká má parọ́, kò sẹ́ni tó bi Òkè léèrè irú ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Àìkú kan lọ́dún 1989 ni Bàbá, olórí ìjọ Aládùúrà wọn ní Ìkirè, ríran pé Ọlọ́run ti sọ Òkè di dókítà. Gbogbo ìjọ pariwo àmín, ó parí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bèèrè ìwé, Ẹ̀mí ló ń bá jiyàn. Ẹ sáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Nígbà tí Adéfúnkẹ́ sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà fún Dúrótìmí, ọkọ rẹ̀ jágbe mọ́ ọn pé kó má kó ìtìjú bá òun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Òkè ní Ìkirè. Dúrótìmí ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Bàbá sì ti gbàdúrà sórí abẹ tán, kí Adéfúnkẹ́ tó lè lanu. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ dókítà pé kó jọ̀ọ́, kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ han òun.

Bàbá ní kó tọrọ àforíjì kíá. Adéfúnkẹ́ kò bá wọn jiyàn. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò dìde. Orúnkún ń dùn ún, ojú ń tì í, inú sì ń bí i sí ọkọ tó kọjú sí ògiri.

"Mo ti tọrọ àforíjì, sà," ó ní. "Ìwé yẹn ńkọ́?"

Òkè bọ́ ìbọ̀wọ́ kúrò. Kò bínú rárá, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba Adéfúnkẹ́ jù.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ pè mí ní dókítà. Èmi ò pe ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Egbò ni mo máa ń wẹ̀ ní ọsibítù tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀."

Dúrótìmí ti ń wá ṣòkòtò rẹ̀. Adéfúnkẹ́ dìde, ó bá a so okùn rẹ̀. Ó rò pé Bàbá yóò ṣépè fún Òkè, tàbí kó tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bàbá ò ṣe ìkankan. Ó fara ti ìlẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀.

"Òkè, ìyàwó mi tí o la inú rẹ̀ lóṣù tó kọjá, tí kò tíì lè dìde, kí lo yọ níbẹ̀?"

Òkè ki ìbọ̀wọ́ náà bọ àpò.

"Mi ò mọ ohun tó jẹ́, sà."