Agbọ́n Tí Bàsírá Gé Kúrò

Ọwọ́ Bàbá Ìjọ ti wà lókè láti àárọ̀, kò sì tíì sọ̀kalẹ̀. Ó dúró níwájú ilé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àáfà Múfútáù, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú ìyá kan náà. Ọ̀kan di pásítọ̀, èkejì di àáfà. Nígbà ayé rẹ̀, ìyá wọn a máa bá àwọn méjèèjì jẹun. Àdúà fìdáù ìyá yìí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Àdúà dé ibi tó kù kí gbogbo èrò ṣe àmín, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹnu gbogbo wọn là sílẹ̀. Àmín kò jáde.

Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín. Ó ń mi ẹsẹ̀.

“Bàsírá,” ó ní, “àwọn tí a jọ ń lọ ti ń dúró dè mí níta. Mi ò lè lọ láìgbọ́ àmín. Kí lo gé kúrò?”

“Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Díẹ̀ ni mo gé.”

“Díẹ̀ ọ̀hún dà?”

Bàsírá ni ọmọ Àáfà Múfútáù, òun ló sì ya fídíò àdúà náà. Iléeṣẹ́ ìròyìn orí ayélujára kan ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Akínṣẹ̀yẹ, olóòtú wọn, a sì máa pariwo mọ́ ọn pé ìròyìn ẹ̀sìn tí kò ní ìjà nínú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ tí agbọ́n ti kọ́lé sí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ìyá Àgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni finá sun ún. Ó ní àlejò ni wọ́n. Nítorí náà, bí agbọ́n bá bà lé ọ lójú ní agbo ilé yìí, ẹni tó sún mọ́ ọ jù ni yóò fún ọ lábàrá kí ó tó ta ọ́. Ìkẹ́ ni àbàrá níbẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá tíì gbá létí rí, kò tíì di ọmọ ilé.

Bàsírá gé ibi tí agbọ́n ti fò wá bà lé ojú bàbá rẹ̀. Ó gé ibi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti jọ bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ṣẹ́ kù. Ó rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ nípa agbọ́n ilé wọn. Àkọlé tí olóòtú fi lé fídíò náà lórí ni: “Pásítọ̀ Na Àáfà Níbi Àdúà Òkú.”

Bàsírá wọ yàrá Ìyá Àgbà láti wá ohun tó gé. Yàrá náà ti di ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìròyìn wọn. Iye àwọn tó ti wo fídíò náà ń gun ògiri bí ìjàlọ. Àwọn àga kọjú sí ara wọn, wọ́n ń bú ara wọn.

“Ẹlẹ́sìn ẹlẹ́tàn!”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ nà wá!”

Ọ̀gá Akínṣẹ̀yẹ ń fi epo pa àkọlé kan lára kí ó lè máa dán.

“Sà, mo wá mú agbọ́n mi.”

“Agbọ́n kẹ̀? Ta ló fẹ́ wo agbọ́n? Wo ògiri, ọmọbìnrin.”

“Bàámi ni wọ́n ń bú, sà.”

“Ṣebí ayé ti mọ̀ ọ́n báyìí? Kó wá dúpẹ́.”

Garawa ìdọ̀tí tí wọ́n ń da ohun tí wọ́n bá gé sí wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lémọ́ọ̀mù kan wà nínú rẹ̀, ó gbé agboòrùn bo ìyàwó tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú òjò. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin ìjọ pẹ̀lú wà níbẹ̀, wọ́n ń pọn omi àlùwàlá fún àwọn aládùúgbò tó jẹ́ Mùsùlùmí. Nísàlẹ̀ pátápátá ni agbọ́n wà, ó sàba lé ẹ̀rín bàbá Bàsírá, ẹ̀rín náà sì gbóná bí ẹyin tuntun.

“O pẹ́,” agbọ́n sọ. “Ibo ni kí n bà lé?”

“Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàámi.”

“Ìyẹn ti kún.”

Bàsírá pa á mọ́ àtẹ́wọ́, ó jáde. Àwọn àjèjì ti kún ojúde, apá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, apá kan láti mọ́ṣáláṣí. Wọ́n na fóònù sókè lọ́wọ́ kan, wọ́n fi ọwọ́ kejì pa igi mọ́ ẹ̀yìn. Bàsírá la àtẹ́wọ́. Agbọ́n fò yí ojú bàbá rẹ̀ ká, kò rí àyè níbẹ̀ nítorí èébú tí wọ́n kọ sí i. Ó padà, ó sì bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàsírá.

Ọwọ́ Bàbá Ìjọ mira.

Gbogbo fóònù yí sí Bàsírá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí ojú ara rẹ̀ nínú wọn, ó rí ọwọ́ tó ń bọ̀. Kò rí agbọ́n nínú ọ̀kankan.

“Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀!” ó pariwo. “Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ó rí agbọ́n náà!”

Ohùn rẹ̀ kò jáde nínú fóònù kankan.

“Dúró jẹ́ẹ́, ọmọ mi,” Bàbá Ìjọ sọ.

Ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàsírá, agbọ́n sì jábọ́. Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Àmín,” Ìyá Àgbà nìkan ló ṣe é. Ó dìde, ó fi etí ìborùn rẹ̀ he agbọ́n nílẹ̀, ó sì gba àárín èrò kọjá lọ síta. Kò sí fóònù kan tó yí tẹ̀ lé e.