Ojú Àbẹ̀ḿbí Nínú Àwòrán Oko

"Nabeelah, níbo lo ti rí ojú ọ̀run pupa báyìí rí lọ́sàn-án gangan?"

Sàídì ti fọ́nnu tán ní mọ́ṣáláṣí wọn l'Ókè-Àdó pé Nabeelah, ọmọ òun, ya òun síbi tí òun ti ń kọ ebè ní Ṣakí, pé kí gbogbo wọn wá wò ó lọ́la nínú gbọ̀ngàn tí ọmọ náà gbà láti pàtẹ àwòrán l'Ónírèké. Ó sáré ṣíwájú wọn wá. Ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn rárá. Òun rèé láàárín àwòrán, ó ga gogoro, ó gbé ọkọ́ sókè, ilẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Obìnrin kan tẹ̀ba lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ aró látorí dẹ́sẹ̀, kò sójú, kò símú.

"Bàámi, bó ṣe rí lára mi ni mo ṣe kùn ún. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ọ̀hún ni pupa yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí Màámi ní inú ń run àwọn, tẹ́ ẹ ní òjò ti ṣú, kí wọ́n parí ebè wọn ná."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni oyún bàjẹ́ lára Àbẹ̀ḿbí, ìyàwó rẹ̀. Wọ́n pè é ní àmúwá Ọlọ́run, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Sàídì sì ń bọ̀ lọ́la.

"Yọ ọ́ lára ògiri."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe gba gbọ̀ngàn yìí, Bàámi."

"Ó dáa, fún ìyá ẹ lójú. Fi búlúù kun ojú ọ̀run. Kò sẹ́ni tó máa mọ nǹkan kan."

Nabeelah kúnlẹ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì dání. "Ẹ̀yìn wọn ni mo wà, n ò rójú wọn. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ júwe ẹ̀ fún mi, màá yà á báyìí."

Sàídì lanu láti júwe rẹ̀. Ó rántí òjò tó ṣú. Ó rántí ebè tó kù. Ojú ìyàwó rẹ̀ ni kò rántí, nítorí kò yíjú wò ó. Ọmọ náà kò parọ́ mọ́ ọn.

Ó yọ fóònù, ó pe ilé. Àbẹ̀ḿbí ló gbé e.

"Bàbá Nabeelah, ṣé kò sí nǹkan?"

"Lọ́jọ́ tá à ń kọ ebè, tínú ń run ẹ́..." Ó kọjú sí àwòrán náà. "Báwo ló ṣe rí lára ẹ? N ò bi ẹ́ rí."



"Ẹ wá ibì kan jókòó ná," ni Àbẹ̀ḿbí sọ.

Nabeelah gbé àga wá. Sàídì gbé e síwájú àwòrán náà.

"Má yọ ọ́ mọ́," ó sọ fún ọmọ rẹ̀, ó sì gbé fóònù padà sétí. "Mo ti jókòó, Àbẹ̀ḿbí."