Ohùn Màmá Nínú Fáìlì Méjì

Igbe tí Fẹ́kọ́mi ké lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí àwọn aládùúgbò ní Gowon Estate kò bá gbọ́ ọ, a jẹ́ pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ìyá rẹ̀ tó ń di ẹrù ọsibítù ní yàrá kejì sọ aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé ejò lo rí ni?" Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì há.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀ jàre, dókítà ti kìlọ̀."

Irọ́ gbuu ni. Nǹkan wà, ó sì tóbi ju ejò lọ.

Màmá ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọ̀sán yìí gan-an sì ni Simeon, ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, yóò fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn lọ. Dókítà kò fọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn. Ó ní iṣan tó ń gbé ohùn jáde gba ẹ̀gbẹ́ gẹ̀gẹ̀ náà kọjá. Òun yóò ṣọ́ra dáadáa, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé ohùn yóò padà sí bó ṣe wà. Ọ̀bẹ dókítà kò ba Màmá lẹ́rù tó ọ̀rọ̀ ohùn yẹn. Láti ìgbà tó ti ń ṣe tíṣà ní Èkìtì títí tó fi di ará Èkó, ilẹ̀ kì í mọ́ kó má fi oríkì pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì súre fún wọn. Àwọn tó ti lọ sílé ọkọ àti àwọn tó wà lókè òkun, fóònù ló fi ń pè wọ́n. Ó wá pinnu pé bí ohùn òun yóò bá lọ, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti ní tirẹ̀ nípamọ́. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí ohùn náà ṣì já gaara, ló ti ń sọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀, ti ọmọ kan lónìí, ti òmíràn lọ́jọ́ mìíràn.

Fẹ́kọ́mi, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló gba iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ohùn náà. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan lójú ọ̀nà Ipaja, ó sì ti kọ ìwé àṣẹ kékeré kan, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní script, tí yóò ṣe gbogbo rẹ̀ ní wàràǹṣeṣà. Bí Màmá bá ti sọ̀rọ̀ tán, fóònù á fi ohùn náà ránṣẹ́ sínú láptọ́ọ̀pù. Fẹ́kọ́mi á tẹ orúkọ ẹni tó ni ín. Ìwé àṣẹ á mú ohùn tó dé kẹ́yìn, á fọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò lára rẹ̀, á fi orúkọ yẹn tọ́jú rẹ̀, á sì pa èyí tí a kò tíì fọ̀ rẹ́ kí àyè má baà kún. Ó fi ń yangàn láàárín àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, mi ò sì bá a wí, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ohun tí kò ṣe ni pé kò yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Ọ̀sán yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibi tí ìwé àṣẹ ń kó wọn sí, kó lè fi wọ́n ránṣẹ́ kí mọ́tò tó dé. Ọmọ mẹ́fà ni Màmá sọ̀rọ̀ fún. Fáìlì méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìyá, èkejì ń jẹ́ Bàbá.

Ó pe Hamdalah, ó sì gbé ohùn fóònù síta. Ọmọ Ìbàdàn ni Hamdalah, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kọ́ àṣẹ kọ̀ǹpútà ní Egbeda, òun ló sì kọ ìlà tó ń fọ ariwo nínú ìwé àṣẹ náà. Ìlà tó kù, Fẹ́kọ́mi ló dá wọn kọ.

"Hamdalah, mo gbé o! Ohùn Màmá ti lọ!"

"Fara balẹ̀ ná. Báwo lo ṣe ń tẹ orúkọ wọn?"

"Bí Màmá ṣe ń pè wọ́n náà ni. Ìyá Pẹ̀lúmi, Ìyá Táyéwò, Ìyá Tósìn, Ìyá Wisdom, Bàbá Ọmọ́níyì, Bàbá Dayọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe ń pè wọ́n lóòótọ́. Ọmọ tó bá ti bímọ, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni ìyá yìí fi ń pọ́n ọn lé. Bí ẹ bá bi í léèrè orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ Ìyá Pẹ̀lúmi, yóò kọ́kọ́ ronú díẹ̀.

"Ó dáa. Ka ìlà tó ń tọ́jú ohùn yẹn fún mi."

Fẹ́kọ́mi kà á. Àmì tó rí bí ẹnu ọfà ló wà níbẹ̀, tó ń darí ohùn lọ sínú fáìlì, dọ́là wọ́ọ̀nù sì tẹ̀ lé e.

Hamdalah mí kanlẹ̀. "Dọ́là wọ́ọ̀nù! Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan nìyẹn ṣá. O tẹ Ìyá, o fàyè sílẹ̀, o tẹ Pẹ̀lúmi. Ìwọ rò pé orúkọ kan lo pè, ọ̀rọ̀ méjì ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Ó mú Ìyá, ó fi Pẹ̀lúmi sílẹ̀ síta. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Táyéwò, ó ṣe é fún Ìyá Tósìn. Ẹnu ọfà kan ṣoṣo yẹn ńkọ́? Kì í fi kún nǹkan o, ṣe ló máa ń pa ohun tó wà nínú fáìlì rẹ́ kó tó kọ tuntun."

Ó yé Fẹ́kọ́mi wàyí. Gbogbo ìgbà tí inú rẹ̀ ń dùn pé iṣẹ́ ń lọ, ohùn ìyá kan ló ń fi pa ohùn ìyá mìíràn rẹ́. Ìyá Wisdom ló kẹ́yìn nínú àwọn ìyá, tirẹ̀ nìkan ló kù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ ìlà tó ń pa àwọn ohùn tí a kò tíì fọ̀ rẹ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rí Màmá tó dúró síbẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Ó sunkún. Ojú kò tì í láti sunkún.

Màmá jókòó tì í lórí àga. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. "Ṣé kí n tún un sọ ni?" ló bi í, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn gan-an kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Ìyá tó ń fi ohùn rẹ̀ pe ọmọ kíláàsì dé ìdí gọ́tà, ohùn rẹ̀ kò lè kọjá tábìlì mọ́. Ta ló fẹ́ tún oríkì ọmọ mẹ́fà sọ pẹ̀lú irú ohùn bẹ́ẹ̀?

"Fẹ́kọ́mi," Hamdalah pè é láti inú fóònù, "nǹkan kan ń rú mi lójú. Ṣé kọ̀ǹpútà kò ráhùn rárá ní gbogbo ìgbà yìí?"

Fẹ́kọ́mi nu ojú. "Ó máa ń kọ nǹkan kan jáde. Mo rò pé kò já mọ́ nǹkan kan, ni mo bá pa á lẹ́nu mọ́."

"O ṣe kí ni?"

"Mo ní kó máa da gbogbo ìráhùn sínú dev null."

Èyí ni ihò tí kọ̀ǹpútà ń da ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rí sí. Hamdalah pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi gbé orí sẹ́yìn. "O rán an níṣẹ́, ó ń sọ fún ọ pé iṣẹ́ kò yọrí, o ní kó panu mọ́! Àwọn fáìlì méjì tó kù yẹn, ṣe ẹ̀dà wọn síbòmíràn kíákíá. Yọ ohun tó pa á lẹ́nu mọ́ yẹn kúrò. Sọ ọ̀rọ̀ kan sínú fóònù Màmá, kó o tún ìwé àṣẹ yẹn pè, kí n gbọ́ ohun tó máa sọ."

Fẹ́kọ́mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ "ení, èjì" sínú fóònù Màmá, ó dúró kó wọlé, ó tẹ àṣẹ náà. Lójú ẹsẹ̀, ìlà méjì yọ lójú láptọ́ọ̀pù. Omijé kò jẹ́ kó lè kà wọ́n. Màmá ló na ìka sí i, ó kà wọ́n bí tíṣà.

"Ó ní òun kò lè pa Voice rẹ́, pé kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní òun kò lè pa 007 rẹ́, pé kò sí ìyẹn náà." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ta ni Voice?"

Fẹ́kọ́mi yẹ orúkọ tó wà lójú fóònù wò. Voice 007 ni fóònù sọ ohùn tuntun yẹn. Àyè wà láàárín orúkọ náà, bó ṣe wà láàárín Ìyá àti Pẹ̀lúmi. Hamdalah ti fi àmì àyọlò, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ọ̀rọ̀ méjì sí ẹyọ kan, ká orúkọ mọ́ nínú ìlà tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí fífọ̀ fi ń lọ geere. Nínú ìlà ìparẹ́ tí Fẹ́kọ́mi dá kọ, kò sí àmì kankan. Kọ̀ǹpútà gé orúkọ náà sí méjì, ó wá Voice títí, ó wá 007 títí, kò rí ìkankan, kò sì pa ohunkóhun rẹ́.

"Hamdalah! Kò pa wọ́n rẹ́! Kò tilẹ̀ lè pa wọ́n rẹ́!"

"Ṣí fódà yẹn! Ṣí i, ṣí i!"

Ó ṣí i. Voice 001 wà níbẹ̀. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ara wọn dá ṣáṣá. Fẹ́kọ́mi fò sókè, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbá Màmá mọ́ra, ó tún rántí ọrùn rẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó ń fò káàkiri pálọ̀ nìkan. Hamdalah ń ké Alhamdulillah nínú fóònù. Màmá tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀ ń pàtẹ́wọ́, ó ń jó lórí ìjókòó.

Ìdùnnú yẹn ló fẹ́ kó bá wọn. Fẹ́kọ́mi sáré padà sídìí láptọ́ọ̀pù, ó ti ń fi àmì àyọlò ká gbogbo ohun tó rí mọ́, títí kan ìlà ìparẹ́.

"Dúró!" ni Hamdalah wí. "Bó o bá fi àmì àyọlò ká ìyẹn náà mọ́, ó máa ríran o. Ó máa pa wọ́n rẹ́ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Yọ ìlà yẹn kúrò pátápátá, àyè ìbáà kún dé àjà!"

Ó yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fara balẹ̀ tún iṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní kí ìwé àṣẹ kọ́kọ́ gba orúkọ fáìlì tí wọ́n bá fún un, kó sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e sí orúkọ ènìyàn kan, láàárín àmì àyọlò kan ṣoṣo, bó ti wù kí ó gùn tó. Wọ́n ní bí orúkọ kan bá ti wà nílẹ̀, kó má ṣe kọ ohunkóhun lé e, kó pariwo. Fẹ́kọ́mi ní kó pariwo dáadáa.

Ó wá ku kí wọ́n mọ ẹni tó ni èwo. Wọ́n tẹ Voice 001, ohùn Màmá sì gba gbogbo ilé, ohùn ńlá tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀: "Àjíkẹ́ mi, ṣé o jí ire?" Kò ì tíì délẹ̀ tí Màmá fi tọ́ka: Ìyá Pẹ̀lúmi. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àlàbí, ó tọ́ka: Bàbá Dayọ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ ni fáìlì ń yọ, orúkọ kọ̀ọ̀kan pé pérépéré. Bí ó ṣe ń yọ ni Fẹ́kọ́mi ń fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Ìyá Táyéwò fi pè láti Àkúrẹ́, kò lè sọ̀rọ̀, ẹkún ayọ̀ ló ń sun. Bàbá Ọmọ́níyì kọ̀wé láti òkè òkun pé òun ti gbọ́ tòun ní àgbọ́túngbọ́, pé ìyàwó òun ní kí òun gbé e sílẹ̀ kí òun jẹun.

Simeon fọn fèrè mọ́tò nísàlẹ̀.

"Fẹ́kọ́mi," Hamdalah bi í, "tìẹ ńkọ́? Mi ò gbọ́ tìẹ nínú gbogbo rẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Inú ilé ni mo wà. Mò ń gbọ́ tèmi láràárọ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rí ohun tó sọ. Màmá náà rí i. Simeon tún fọn fèrè.

Màmá gba fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà. Fẹ́kọ́mi ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé dókítà yóò bínú, ìyá rẹ̀ sì fi ojú tíṣà wò ó, ó dákẹ́. Màmá fi ẹnu kan fóònù, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú rẹ̀, ó ń dúró mí, ó tún ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó dá a padà.

"Orúkọ wo ni kí n fi tọ́jú rẹ̀, Màmá?"

"Fẹ́kọ́mi Àṣàkẹ́ ọmọ tó dúró tì mí," ni Màmá wí. "Má gé ìkankan kúrò."

Fẹ́kọ́mi tẹ gbogbo rẹ̀. Kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fọ ariwo kankan kúrò nínú èyí. Ó tẹ àṣẹ, fáìlì yọ, orúkọ gígùn yẹn sì pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dà á sórí fóònù, ó gbé báàgì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n kọjá ibùdókọ̀ Pleasure kó tó rí àyè fi wáyà sí etí gbọ́ ohùn náà. Màmá jókòó tì í ní ẹ̀yìn mọ́tò, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti dé ibi àdúrà. Nígbà tó dé ibẹ̀, Fẹ́kọ́mi ṣe "Àmín!" sókè tó bẹ́ẹ̀ tí Simeon fi bojú wẹ̀yìn, ó sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.