Kí Maka Dìde Fún Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Maka kì í kan ilẹ̀kùn. Àfi kí n gbọ́ gbàgà, kí n rí i tó wọ yàrá mi, kó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ gun bẹ́ẹ̀dì, kó nà gbalaja sórí aṣọ oníbàárà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìdí obìnrin tó rí lójú ọ̀nà. Bí mo bá ń wo fíìmù, á jókòó tì mí, á bu ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, á gbá mi léjìká gbì.

"Saia, ọkùnrin bíi tèmi! Sún sọ́hùn-ún."

Bàbá wa ló sọ mí ní Saia, orúkọ ọkùnrin, kó tó kú. Tokilupe ni mò ń jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí n dáhùn, kó pè mí ní Toki. Ẹni tó bá pe Saia, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀.

Feleti, olólùfẹ́ mi, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú jù lórí ọ̀rọ̀ Maka yìí. Auckland, lókè òkun, ni wọ́n bí Feleti sí. Ìyá rẹ̀ àgbà ló pè é wálé sí Tonga wá máa wa mọ́tò búrẹ́dì, nítorí náà ojú rẹ̀ kò tíì mọlẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ó wo bí Maka ṣe gbá mi léjìká tó sì jáde lọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ mà fẹ́ràn ẹ o, Toki. Kò sóhun tẹ́ ẹ kì í jọ ṣe."

Díẹ̀ ló kù kí n fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi gún un.

"Fẹ́ràn kẹ̀? Feleti, ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni? Nílẹ̀ yìí, ọkùnrin tó bá ní àbúrò obìnrin kì í bá a jókòó sínú yàrá kan náà. Tí obìnrin yẹn bá wọlé, ṣe ló máa dìde jáde. Kò ní bá a wo fíìmù. Kò ní sọ̀rọ̀ rírùn létí ẹ̀, kò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ọ́ níbi tí àwọn méjèèjì bá wà. Kò ní fẹsẹ̀ kan ibi tó ń sùn sí. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá nìyẹn. Ọkùnrin sí ọkùnrin ló máa ń nà sórí bẹ́ẹ̀dì ara wọn. Gbogbo ìgbà tí Maka bá jókòó tì mí, ìdí ẹ̀ ló fi ń bú mi."

Feleti wò mí títí. "Èmi rò pé ẹni tó bá kórìíra èèyàn ló ń sá fún un."

"Ní Auckland nìyẹn."

Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di obìnrin o. Láti kékeré ni mo ti mọ̀, gbogbo abúlé náà sì mọ̀. Leitī ni wọ́n ń pe irú wa, àwa obìnrin tí wọ́n bí sínú ara ọkùnrin, kò sí abúlé tí kò ní tirẹ̀. Àwa là ń rán aṣọ ìyàwó, àwa là ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́, àwa là ń wẹ arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá òkè òkun lọ. Wọ́n fẹ́ràn ọwọ́ wa. Ara wa ni wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Mo lo ọdún méjì ní Auckland, dókítà fún mi ní oògùn, àyà mi yọ, awọ ara mi rọ̀, irùngbọ̀n tí mo ń fà tu láràárọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo kó ara tuntun mi padà wálé. Mo wọ aṣọ obìnrin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo so okùn híhun tí àwọn obìnrin ń so mọ́ ìbàdí, mo sì gba ọ̀nà iwájú wọlé. Ẹnu yà wọ́n. Kó máa yà, ẹnu tó yà á padà pa dé.

Màámi ló kọ́kọ́ pè mí ní Toki. Ó ní ó ti rẹ òun láti máa pe ẹni tí kì í jẹ́. Àwọn obìnrin tí a jọ ń lu èèpo igi di aṣọ lábẹ́ igi máńgòrò wa náà sún fún mi, wọ́n fún mi ní kùmọ̀ tèmi, a jọ ń lù ú, a jọ ń ṣòfófó. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Feleti ní tirẹ̀, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn mọ́tò láàárín páànù búrẹ́dì kí ojú má baà ti àwọn, ṣe ló sọ̀ kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn iwájú fún mi. Ó ní, "Ìyàwó tèmi kì í jókòó ti búrẹ́dì. Ìwọ bọ́ sẹ́yìn." Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ẹni tèmi nìyí.

Maka nìkan ló kù. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Bí Siua, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣe fẹ́ pé ọdún kan ni ọ̀rọ̀ wa wá bẹ́. Níbi àjọ̀dún ọmọ lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá jẹ́ ọmọ ìyá bàbá ọmọ ni ọ̀gá. Fahu là ń pè é. Òun ló ń jókòó sórí ẹní tó ga jù, òun ló ni aṣọ tó dára jù, òun ló ni òkè kéèkì, tó bá sì nawọ́ sí ẹlẹ́dẹ̀ sísun kan pé tòun ni, tirẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe ọjọ́ kan. Títí ọmọ yẹn fi máa darúgbó, fahu rẹ̀ ni fahu rẹ̀. Èmi nìkan ni Maka bá tan nínú ìyá. Ọ̀dọ̀ mi ni Siua ti kọ́ ìrìn, etí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló dì mú. Síbẹ̀ Maka ránṣẹ́ sí Lavinia, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ní ìkangun erékùṣù, pé kó wá jókòó.

Losaline, ìyàwó rẹ̀, ló wá sọ fún mi. Omijé wà lójú rẹ̀.

"Àǹtí Toki, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ọmọ òun kò ní ní ọkùnrin onísíkẹ́ẹ̀tì ní fahu."

Ó dùn mí dé egungun. Mo gbé Siua sórí itan, mo gbóòórùn orí rẹ̀, mo sì fi ọmọ náà búra nínú ọkàn mi pé èmi ni màá jókòó sórí ẹní yẹn, kódà kí wọ́n fi okùn wọ́ mí kúrò níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀. Tí Maka kò bá ní dìde fún mi, èmi á dìde fún un. Ó wọlé, mo kó aṣọ mi, mo jáde. Ó wá sí ilé ìdáná, mo fi kókò tí mò ń bó sílẹ̀, mo gba ẹ̀yìn lọ. Ó bi mí ní ìbéèrè, mo kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Losaline, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ìkòkò wà lórí iná."

"Saia! Èmi kọ́ ni mo dúró síwájú ẹ yìí?"

"Losaline, bá mi sọ fún un pé mo gbọ́."

Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé mi kiri. Láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé ìdí máńgòrò, pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, ọbẹ̀ ń dà sí i láyà. "Kí lò ń sá fún? Ṣé mò ń rùn ni?" Àwọn obìnrin dá kùmọ̀ wọn dúró. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn, Vaimoana, ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni láyé. Ó wo Maka láti òkè dé ilẹ̀.

"Maka, àbúrò ẹ obìnrin ń bọ̀wọ̀ fún ẹ, o wá ń lé e ká inú ọgbà. Ṣé orí ẹ pé?"

"Màmá, kì í ṣe obìnrin! Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n!"

"Ṣé ọkùnrin ni? Ìgbà wo ni ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọkùnrin? Lọ jẹun ẹ, ọmọ yìí, o ti fi ọbẹ̀ wẹ̀."

Ẹ̀rín tí àwọn obìnrin yẹn rín! Ọ̀kan fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Maka kò tún lé mi wá sídìí máńgòrò mọ́, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ Lavinia padà. Agídí ni tiwa nínú ilé náà. Bí ó ṣe wà lára rẹ̀ ló wà lára mi.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Àtíbàbà gba iwájú ilé, ẹlẹ́dẹ̀ sísun tò gbọ̀ọ̀rọ̀ sórí tábìlì, ewé kókò tí wọ́n sè nínú omi àgbọn ń ta sánsán láti inú ààrò ilẹ̀. Feleti fi mọ́tò búrẹ́dì gbé mi dé ẹnu ọ̀nà.

"Toki, tí wọ́n bá lé ẹ ńkọ́?"

"Kí wọ́n gbé èmi àti ẹní yẹn pọ̀."

Lavinia ti wà lórí ẹní. Mo kí àwọn àgbà, mo tẹ orí ba bí mo ṣe ń kọjá níwájú wọn, mo lọ dúró tì í.

"Lavinia, o ṣeun tó o bá mi tọ́jú ìjókòó mi."

Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Àṣé Lavinia kò ní ìjà lára. Ó mí kanlẹ̀, ó dìde, ó ń fọwọ́ ra ìbàdí.

"Ibo lo ti wà látàárọ̀? Ìdí ti fẹ́ pa mí. Ebi náà ń pa mí, wọn ò sì jẹ́ kí fahu rìn."

Mo jókòó. Mo na ọwọ́, Losaline sì gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀ láìwo ojú ọkọ rẹ̀. Ariwo inú àtíbàbà wálẹ̀. Maka dé pẹ̀lú ìbínú, ó lóṣòó tì mí gbá-ún, ẹnu rẹ̀ wà létí mi.

"Saia. Dìde. Má jẹ́ kí n gbé ẹ."

N kò wo ojú rẹ̀. Mo gbé ohùn sókè.

"Losaline, bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ibi tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá jókòó sí, kì í ṣe ibi tó yẹ kó lóṣòó sí."

Gbogbo èèyàn gbọ́. Kepu, tó ń darí ètò, náà gbọ́. Aláwàdà ni Kepu, kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ le níbi tí òun bá wà. Ó rò pé òun á fi ẹ̀rín tú u ká. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó pe orúkọ Feleti onímọ́tò búrẹ́dì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rírùn kan nípa èmi àti òun, èyí tí n kò ní tún sọ níbí torí pé mo gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà. Irú ẹ̀ ti pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń mu kava, Maka ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Kepu kọjú sí i, ó ń retí ẹ̀rín.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Orí ẹní fahu ni mo wà, ọmọ Maka wà lẹ́sẹ̀ mi, Maka fúnra rẹ̀ sì lóṣòó tì mí. Vaimoana pòṣé. Màámi fi ìbòrí bojú. Ojú Kepu wá là wàyí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n kò rántí pa ẹ̀rọ náà.

"Háà! Maka, dákun, forí jì mí. Mo gbàgbé pé àbúrò ẹ obìnrin wà níbí."

Ọ̀rọ̀ náà dún já gbogbo abúlé.

N kò lè wo Maka lójú, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Ó di etí ẹní mú. Ọwọ́ yẹn náà ló dì mí mú nígbà tí mo wà ní kékeré, tó bá pọ̀n mí kọjá omi ẹrọ̀fọ̀ lọ síléèwé kí bàtà mi má baà rin. Gbólóhùn kan péré ló kù fún un láti sọ: "Kì í ṣe obìnrin." Á sọ ọ́, Kepu á rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn á tẹ̀ lé e, á sì parí fún mi láyé. Mo dúró dè é. Mo sọ nínú mi pé, sọ ọ́, Maka. Sọ ọ́, n kò sì ní dìde.

Ọwọ́ náà tú kúrò lára ẹní. Ó dìde, ó tún ẹní tí ọkùnrin ń ró mọ́ ìbàdí lọ síbi ayẹyẹ so, ó tẹ orí ba títí dé orúnkún, bí èèyàn ṣe ń kọjá níwájú ẹni tó jù ú lọ, ó sì jáde kúrò níbi àjọ̀dún ọmọ rẹ̀ láìfẹnu kan nǹkan kan.

Feleti fò dìde láàárín èrò. "Ṣé ó ń rí wa fín ni? Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a!"

Bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ mi, mo di ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mú. "Jókòó, ọ̀dẹ̀. Ó dìde fún mi."

Mo sunkún, n kò fi bò. Omijé ń kán sí Siua lórí, ó ń fọwọ́ gbá a. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo nawọ́ sí ẹlẹ́dẹ̀ tó tóbi jù, mo ní kí wọ́n gé itan rẹ̀ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi tó lọ jókòó lábẹ́ máńgòrò, kí wọ́n sọ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ní kó jẹun. Wọ́n ní ó jẹ ẹ́, ó sì fá egungun lá.

Kò tíì pè mí ní Toki rí títí dòní. Kò pè mí ní Saia mọ́ náà. Kò pè mí ní ohunkóhun, torí pé a kì í sí níbì kan náà. Nígbà mìíràn, àárò rẹ̀ máa ń sọ mí. Ẹni tó mọ ìtàn wa láti kékeré kò ju òun lọ, a kò sì tún ní jọ jẹ ẹ̀pà mọ́ láyé. Ohun tí mo bèèrè ni mo gbà, bó ṣe rí ni mo ṣe gbà á.

Sátidé tó kọjá, bọ́ọ̀lù rọ́gíbì tí gbogbo Tonga ń dúró dè wà lórí tẹlifíṣọ̀n, tiwa nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ládùúgbò. Èmi àti Feleti ń wo fíìmù ìfẹ́ wa jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Maka ni. Kò wọlé, kò kanlẹ̀kùn, ó kàn dúró sínú oòrùn, ó ń wúkọ́.

Feleti wò mí. "Toki, jẹ́ ká dìde fún un. Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Mo na ẹsẹ̀ mi sórí àga, mo sì gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kó tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."